Dírílì oníbátìrì kékeré: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀

Orí àkàsọ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí mo pinnu pé n ó wá dírílì mìíràn. Ọ̀pá kọ́tìnì ni mo fẹ́ gbé kọ́. Ihò mẹ́fà péré ni, pákó ni mo sì fẹ́ lu, kì í ṣe òkúta, nítorí náà iṣẹ́ náà kò le. Ṣùgbọ́n dírílì tó wà lọ́wọ́ mi lé ní kílò 2 pẹ̀lú bátìrì rẹ̀. Kí n tó parí ihò kẹta, apá mi ti ń gbọ̀n, èjìká ń ro mí, bíìtì, ìyẹn irin ẹnu dírílì tó ń lu ihò, sì ń sá kúrò lójú àmì tí mo fi pẹ́ńsù sí. Ihò kẹrin wọ́, ọ̀pá náà sì fì sápá kan. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé dírílì náà sílẹ̀, mo wò ó dáadáa. Kò sóhun tó ṣe é. Ẹ̀rọ gidi ni, agbára rẹ̀ pọ̀. Agbára tí mi ò nílò ni mo ń gbé gòkè, tí mo ń gbé sọ̀ kalẹ̀, láti ìgbà tí mo ti rà á.

Ọdún kan àtààbọ̀ rèé tí mo ti ń lo kékeré onífóltì 12, tí òun àti bátìrì rẹ̀ kò ju bíi kílò 1 lọ. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo dírílì tó bá wà ní ìwọ̀n yìí, ẹni yòówù kó ṣe é. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ inú ilé lẹ fẹ́ fi ṣe, ìwúwo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kẹ́ ẹ tó bèèrè agbára.

Nọ́ńbà fóltì ló ń kọ́kọ́ da èèyàn rú. Ẹ ó rí 12, ẹ ó rí 18, ẹ ó rí 20. Inú bátìrì lithium wọ̀nyí, àwọn bátìrì kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú nǹkan bíi fóltì 3.6 wá. Mẹ́ta ló wà nínú tèmi, ìyẹn 10.8. Márùn-ún ló wà nínú ti ńlá, ìyẹn 18. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà, ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń gòkè dé fóltì 4 kó sì lé díẹ̀, ibẹ̀ ni 12 àti 20 tí wọ́n ń kọ sára páálí ti wá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 18 lára ọ̀kan, tí ẹ rí 20 lára èkejì, ẹ má rò pé èkejì lágbára jù nítorí nọ́ńbà yẹn. Bátìrì kéékèèké márùn-ún náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Díẹ̀ ló kù kí n san owó lé e nítorí nọ́ńbà yìí kó tó yé mi.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni agbára ìyípo, tí wọ́n ń fi Nm (newton-mítà) kọ. Tèmi jẹ́ 30 Nm. Ó tó láti yí súkúrù tó gùn tó mìlímítà 60 wọ pákó líle, bí mo bá ti kọ́kọ́ lu ihò tínínrín tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ẹnu rẹ̀, níbi tí bíìtì ń wọ̀, ń gba ohun tó nípọn dé mìlímítà 10. Ti ńlá ń gba 13. Látìgbà tí mo ti rà á, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo nílò ohun tó ju 10 lọ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ti bátìrì bọ̀ ọ́, ẹ gbà á sọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì nawọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ lu àjà ilé. Ẹ ka oókan dé ọgọ́ta. Mo ṣe é pẹ̀lú mẹ́rin, méjì ni apá mi kọ̀ kó tó dé ogójì. Ẹ wo bóyá imú rẹ̀ ń fà yín síwájú. Ẹ wò bóyá ìka yín yí ọwọ́ rẹ̀ ká, torí àwọn kékeré kan wà tí bátìrì wọn ń wọ inú ọwọ́ ẹ̀rọ náà gan-an, ìyẹn sì máa ń mú kí ọwọ́ náà ki ju bó ṣe yẹ lọ fẹ́ni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò tóbi.

Ohun tó yí iṣẹ́ mi padà jù lọ ni òrùka onínọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹnu dírílì. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fọwọ́ kàn án. Èmi náà kò kà á sí nígbà tí mo ṣì ń lo ńlá. Nọ́ńbà 1 dé 20 ló wà lára tèmi, lẹ́yìn náà ni àwòrán bíìtì. Tí ẹ bá gbé e sí nọ́ńbà, tí súkúrù bá ti le dé ìwọ̀n tí ẹ yàn, yóò dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹnu dírílì yóò sì dúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò ṣì ń yí. Tí ẹ bá gbé e sí àwòrán bíìtì, kò sóhun tí yóò dá a dúró àfi ìka yín.

Iye tí ẹ̀kọ́ yẹn ná mi ni ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan. Pákó rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti góòmù tẹ̀ pọ̀, tí kò ní iṣan bí igi tòótọ́. Mo fẹ́ de hínjì rẹ̀, mo sì fi òrùka náà sílẹ̀ lójú àwòrán bíìtì. Súkúrù wọlé, ó dé ìdí, ó sì ń yí lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ó ti jẹ inú ihò náà tán, kò rí nǹkan dì mú mọ́. Ọ̀nà tí mo gbà tún un ṣe rèé, ó sì ṣì ń mú títí dòní: mo ki igi ìṣáná mẹ́ta tí mo ti rì sínú góòmù pákó bọ ihò náà, mo ṣẹ́ orí wọn kúrò, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú, mo tún ihò tínínrín lu sáàárín rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé òrùka sí nọ́ńbà 4. Látìgbà náà, nísàlẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, tí súkúrù kò bá tíì wọlé tán n ó fi méjì kún un. Bí dírílì tẹ́ ẹ fẹ́ rà kò bá ní òrùka yìí, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìyára rẹ̀ pín sí méjì. Ti 1 ń yí dé nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ọgọ́rùn-ún (400) ní ìṣẹ́jú kan, ti 2 ń dé 1,500. Súkúrù àti irin, ti 1 ni. Pákó, ti 2. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó yí i láti ọ̀kan sí èkejì. Àbúrò mi yí i nígbà tó ń sáré lọ́wọ́, ariwo tó pa kò dùn ún gbọ́ rárá.

Àwọn bíìtì tó bá a wá nínú páálí kò dára, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Fún pákó, mo ra èyí tó ní ṣóńṣó láàárín, torí ó máa ń di ojú àmì mú. Mo tún máa ń fi pákó àlòkù há ẹ̀yìn èyí tí mò ń lu kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà fà ya. Fún irin, bíìtì irin líle tí wọ́n kọ HSS sí lára ni. Mo máa ń fi òòlù àti ìṣó tẹ ojú ibẹ̀ wọlé díẹ̀, n ó kán òróró sí i, n ó sì lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí èéfín bá ti ń rú, ó ti yára jù. Fún súkúrù tó nípọn mìlímítà 4 nínú pákó líle, ihò mìlímítà 2.5 dé 3 ni mo ń kọ́kọ́ lu.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń yí súkúrù mọ̀. Orí súkúrù tó ní àgbélébùú kì í ṣe irú kan náà. Ọ̀kan ni PH (Phillips), èkejì ni PZ (Pozidriv). Tí ẹ bá wo PZ dáadáa, ẹ ó rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin mìíràn láàárín apá àgbélébùú náà. Bí ẹ bá ki bíìtì PH bọ orí PZ, yóò máa yọ̀, yóò sì jẹ orí súkúrù náà títí kò fi ní ṣeé tú mọ́. Ọdún púpọ̀ ni mo fi rò pé súkúrù tí mò ń rà ni kò dára.

Ibi tí agbára dírílì kékeré yìí mọ ni kọnkéré, mi ò sì ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Mo fẹ́ lu ihò mìlímítà 6 sí igi àjà tí wọ́n fi kọnkéré dà. Mo fi bíìtì olórí líle tó yẹ fún ògiri sí i, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ tó wọlé. Ara mọ́tò gbóná débi tí mo fi gbé e sílẹ̀, ẹnu bíìtì sì ti dúdú. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ náà. Yíyí nìkan kò lè gé òkúta tó wà nínú kọnkéré; ó nílò ohun tí yóò máa lu bíìtì láti ẹ̀yìn bí òòlù bó ṣe ń yí. Mo lọ yá èyí tó ní òòlù nínú, tí bíìtì rẹ̀ jẹ́ ti SDS (irú tí wọ́n kàn ń tì bọ ẹnu ẹ̀rọ náà), àáyá mélòó kan péré ni ihò náà gbà. Ní ti ògiri bíríkì tó rọ̀, kékeré tèmi lù ú láìsí wàhálà, mo sì ti ike tí ń di súkúrù mú nínú ògiri bọ̀ ọ́, irú onínáílọ́ọ̀nù tí Artur Fischer ará Jámánì gbé jáde ní 1958. Bí gbogbo ògiri ilé yín bá jẹ́ kọnkéré, tó sì jẹ́ pé ara ògiri ni iṣẹ́ yín pọ̀ sí, dírílì tí mò ń sọ yìí nìkan kò ní tó yín.

Kẹ́ ẹ tó lu ògiri èyíkéyìí, ẹ má ṣe lu òkè tàbí ìsàlẹ̀ gan-an ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí bọ́tìnì iná wà, torí ibẹ̀ ni wáyà sábà máa ń gbà. Ẹ fi awò bo ojú. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ tó tú, ẹ sì di irun yín mọ́ra.

Ní ti bátìrì, mo mọ bó ti rí tẹ́lẹ̀. 1961 ni Black & Decker gbé dírílì oníbátìrì àkọ́kọ́ jáde, nickel-cadmium sì ni bátìrì rẹ̀. Irú bátìrì yẹn ló wà nínú èyí tí bàbá mi ní nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n á gbé e sórí ṣájà mọ́jú, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, nígbà tí wọ́n bá sì tún nílò rẹ̀, iná ti tán nínú rẹ̀. Lithium kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi tèmi sílẹ̀ ju oṣù méjì lọ, mo sì bá iná tó pọ̀ nínú rẹ̀. Méjì ni mo ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.0 Ah (Ah ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà), ọ̀kan tó mi láti to bẹ́ẹ̀dì kan àti pẹpẹ ìwé kan tán. Bí mi ò bá ní lò wọ́n fúngbà díẹ̀, ìdajì iná ni mo ń fi sínú wọn, mi ò sì jẹ́ fi wọ́n sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ooru ló ń tètè pa lithium. Ẹ ra méjì bí ẹ bá lágbára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bátìrì àti ṣájà wà nínú owó tí wọ́n dá lé e, torí ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n máa ń tà nígbà mìíràn.

Mọ́tò rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kò ní kábọ́ọ̀nù. Nínú ti àtijọ́, kábọ́ọ̀nù ló ń fara ra ohun tó ń yí kí iná lè dé ibẹ̀, ó sì máa ń jẹ tán. Èyí tí kò ní i máa ń lo iná díẹ̀ sí i, ó sì kúrú: gbogbo dírílì mi wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tóóró tí ti ńlá kò lè yí padà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè fi oníkábọ́ọ̀nù ṣe, kó fi owó tó kù ra bíìtì tó dára.

Àlébù rẹ̀ wà. Iná kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ máa ń ju òjìji bíìtì sójú ibi tí mo fẹ́ wò gan-an. Tí mo bá ń tú súkúrù tó le, ẹnu rẹ̀ máa ń tú bíìtì sílẹ̀, àfi kí n tún un dì. Bákan náà, kò lè dá dúró lórí tábìlì bí onífóltì 18, ẹ̀gbẹ́ ló ń dùbúlẹ̀ sí.

Ìyá mi, tí ọrùn ọwọ́ máa ń dùn, kò gbé dírílì ńlá yẹn rí. Nígbà tí mo mú kékeré lọ bá wọn, mo gbé òrùka sí 5, mo fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe máa fìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi gbé dígí wọn kọ́, wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìn, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dúró déédéé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Mo pè wọ́n lánàá pé mo fẹ́ wá gbà á, wọ́n ní kí n dúró, ó ku pẹpẹ méjì.