Àwọn ìwé ọmọdé tó sọ nípa ẹbí: èyí tá a kà títí tó fi gbó àtèyí tí mo gbé tì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kàwé fọ́mọ kó tó sùn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Nílé tèmi, ọmọ mi wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀, èmi ni mò ń tọ́ òun náà, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń wá ìwé tó ń sọ nípa oríṣiríṣi ẹbí kiri, ó ti sú mi kó jẹ́ pé bàbá, ìyá, ọmọ méjì àti ajá kan náà ni gbogbo ìwé máa ń yà.

Èyí tó wà lókè lọ́dọ̀ wa ni A Mother for Choco tí Keiko Kasza kọ lọ́dún 1992. Ẹyẹ kékeré kan tí ò ní ìyá ló ń wá ìyá kiri. Ó bá àgùnfọn torí àwọ̀ wọn jọra, àgùnfọn ní òun ò ní ìyẹ́. Ó bá pẹ́ńgúìnì, ìyẹn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ò rí rọ̀bọ̀tọ̀ bíi tiẹ̀. Ó bá walrus, ẹran inú òkun tí eyín ẹ̀ gùn, ìyẹn tiẹ̀ jágbe mọ́ ọn pé ẹsẹ̀ òun ò ní ìlà, kó má yọ òun lẹ́nu. Nígbà tó wá rí Ìyá Béárì, kò tiẹ̀ bi í ní nǹkan kan torí ó rí i pé àwọn ò jọra rárá, ó kàn bú sẹ́kún ni, béárì yẹn ló sáré wá bá a, tó ní ká ní o ní ìyá ni, kí ni ì bá ṣe fún ẹ? Ẹyẹ ní á dì mọ́ mi. Béárì dì mọ́ ọn. Ìgbà tí wọ́n délé, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ni erinmi, alígétọ̀ àti ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ní, "Àǹtí, kò sẹ́ni tó jọ béárì níbẹ̀ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ká tún un kà.

Are You My Mother? ti P. D. Eastman (1960) náà dùn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín nígbà tí ọmọ ẹyẹ yẹn ń bi ọkọ̀ òfuurufú àti katapílà bóyá àwọn ni ìyá ẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ìyá ẹ̀ padà wá níparí o. Tí ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ kà á fún bá jẹ́ èyí tí ìyá ẹ̀ ò ní padà wá mọ́, ẹ kọ́kọ́ dá a kà kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.

Èyí tí èmi gan-an fẹ́ràn jù, kí n má purọ́, ni A Chair for My Mother, Vera B. Williams, 1982. Ọmọbìnrin kan, ìyá ẹ̀ àti ìyá àgbà ló ń gbé pọ̀, iná jó ilé wọn, gbogbo àga wọn jóná, wọ́n wá ń kó owó wẹ́wẹ́ sínú ìgò ńlá kan kí wọ́n lè ra àga kan tó rọ̀. Ìyá ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà níbi iṣẹ́, nígbà míì ó máa rẹ̀ ẹ́ débi pé á ti sùn lọ bí ọmọ ṣe ń ka owó ọjọ́ yẹn. Kò síbi kankan tí ìwé yẹn ti dúró ṣàlàyé pé bàbá dà. Ẹbí rèé, àga ni wọ́n ń wá, ó tán. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn, ìwé tó bá fi ẹbí ṣe ìtàn máa ń wọlé sọ́mọ lára ju èyí tó ń fi ẹbí ṣe lẹ́sìnnì.

Torí ẹ̀ ni The Family Book ti Todd Parr (2003) ò fi pẹ́ lọ́wọ́ wa. Àwọ̀ inú ẹ̀ tàn yòò, gbólóhùn kan péré lójú ewé kan, ó dáa fún ọmọ kékeré, gbogbo ẹbí ló kó síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, òbí kan ṣoṣo, ìyá méjì, bàbá méjì, àmọ́ kò sí ìtàn níbẹ̀, èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ méjèèjì ti gbé e jù sílẹ̀ kíákíá. Guess How Much I Love You (1994), tí ehoro ńlá àti ehoro kékeré ti ń sọ bí wọ́n ṣe nífẹ̀ẹ́ ara wọn tó, ńkọ́? Ó dùn létí, ẹ sì wò ó dáadáa, kò síbi tó ti pe ehoro ńlá yẹn ní bàbá, ẹ lè fi ṣe bọ̀dá, ẹ lè fi ṣe bàbá àgbà.

Ọ̀kan wà tí mi ò ní dárúkọ, ti àwọn òbí tó kọ ara wọn sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọmọ inú ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ṣáá, yàrá méjì, bẹ́ẹ̀dì méjì, inú ẹ̀ dùn! Ọmọ mi bi mí pé ṣé inú ò bí i ni. Mi ò rí èsì fọ̀. Ewé ẹ̀ tiẹ̀ ti já kúrò kó tó pẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ lásán ni.

Èyí tí mo ṣì ń wá báyìí ni ìtàn tí ìyàwó bàbá ò ti ní jẹ́ ìkà, tí ò sì ní jẹ́ áńgẹ́lì, kó kàn jẹ́ èèyàn tó ń gbìyànjú, táwọn ọmọ ń wò ó tìfuratìfura. Ẹni tó bá ti kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárúkọ ẹ̀.