Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń gbé díìṣì "unlimited" kiri Àkúrẹ́ o, tẹ́ ẹ bá lò ó gidi wọ́n á tú u lọ

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, àtẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tẹ́ ẹ máa ń dáwó jọ fa íntánẹ́ẹ̀tì sí hóstẹ́ẹ̀lì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fowó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé díìṣì íntánẹ́ẹ̀tì funfun kékeré kiri ìgboro, tí wọ́n ń sọ pé "unlimited" làwọn ń tà, pé kéèyàn máa dáńlóòdù bó ṣe wù ú tọ̀sán tòru. Irọ́ ni. ₦215,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní íntánẹ́ẹ̀tì gidi fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n fún un lọ́rùn débi tí kò yá mọ́, nígbà tí mo sì pariwo wọ́n fagi lé àdéhùn wa, wọ́n wá tú díìṣì wọn lọ. Mi ò ní dárúkọ wọn níbí torí ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni kẹ́ ẹ mọ̀, torí orúkọ ò ṣòro láti pààrọ̀.

Fóònù ni mò ń tún ṣe, ní ọ̀nà Ọba Adésídà, ọdún kẹsàn-án rèé. Ẹni tí ò bá mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé síkúrúù àti irin ìjólẹ́ẹ̀dì nìkan là ń lò, ṣùgbọ́n dátà ló ń jẹ wá lówó jù. Tí fóònù bá ti kú sórí lógò tí kò kọjá ibẹ̀ mọ́, àfi ká lọ dáńlóòdù firmware ẹ̀, ìyẹn ètò inú ẹ̀ tó ń mú un ṣiṣẹ́, fáìlì kan ṣoṣo lè tó gígábáìtì 5, ti Samsung tuntun ń lọ sí 7, 8, tèèyàn bá sì ṣèèṣì mú èyí tí kì í ṣe ti módẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an, á tún lọ mú òmíì. Nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wá fọwọ́ sí i ní January 2025 pé káwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn, mo jókòó mo ṣírò, mo rí i pé dátà ń kó èrè mi lọ. Ẹni tí ebi ń pa, tó gbọ́ pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà ní igun kan, ṣé á dúró bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni?

Ní February lọmọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ wọn sí láyà, ó dọ̀bálẹ̀ débi pé ọwọ́ ẹ̀ kanlẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò tún ní ra dátà mọ́." Mo sọ fún un pé iṣẹ́ tèmi ò jọ ti ẹni tó ń wo Facebook o, fáìlì ńláńlá ni mò ń fà, ṣé kò sí òdiwọ̀n? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fà á títí ilẹ̀ á fi mọ́." Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú. ₦95,000 fún díìṣì, ráútà àti owó iṣẹ́, ₦20,000 lóṣù. Ó ní tí mo bá san ti oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, àwọn á fi oṣù kan ta mí lọ́rẹ. Mo san án. Mo ń bẹ yín, ẹ má san oṣù mẹ́fà fún íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ò tíì lò rí, bó ti wù kí ẹ̀dínwó ẹ̀ pọ̀ tó. Owó tó bá ti wà lọ́wọ́ wọn lohùn wọn fi ń le.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá so ó, èmi ni mo di àkàbà mú fún ọmọ tó gun òkè. Bí mo ṣe ń na díìṣì náà sí i ni mo rí i pé wọ́n ti fi máákà dúdú kọ "Mummy Ọ̀dà" sí abẹ́ ẹ̀. Mo ní kí lèyí? Ó ní bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí ẹrù nínú sítọ́ọ̀ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ká sọ òótọ́, ó dáa níbẹ̀rẹ̀. 20Mbps ni wọ́n tà fún mi, bó ṣe ń yá tó nìyẹn. Kẹ́ ẹ má bàa ṣì í, bíìtì nìyẹn o, kì í ṣe báìtì, bíìtì 8 ló ń di báìtì kan, torí náà 20 tí wọ́n ń pariwo yẹn, mẹ́gábáìtì 2.5 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn náà tó mi. Fáìlì gígábáìtì 6 ń wọlé láàárín ogójì ìṣẹ́jú, mò ń fi firmware sí fóònù mẹ́rin, márùn-ún lójúmọ́, mo tún ń bá wọn polówó, ọ̀rẹ́ mi méjì ló tọwọ́ mi lọ sanwó fún wọn, ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Oṣù kan ò tíì pé tí nǹkan fi yí padà. WhatsApp ń lọ. YouTube ń lọ. Tí mo bá ṣe speed test tí wọ́n fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yá tó, ó ń gbé 19, ó ń gbé 20. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ dáńlóòdù báyìí, kílóbáìtì 60! Kílóbáìtì 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan o. Fáìlì tó ń gba ogójì ìṣẹ́jú wá ń kọ wákàtí 27 sójú kọ̀ǹpútà, kó tó dé ìdajì á já, tó bá sì já, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ l'Ọjà Ọba gbé fóònù tó fi ń gba álẹ́ẹ̀tì owó ọjà ẹ̀ wá fún mi. Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, wọn ò bínú, wọn ò sọ̀rọ̀ burúkú, wọ́n kàn ń wo ìlà kékeré tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà mi, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ṣó ti ń dé?" Mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Mo pè wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ ní wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá ló gé. Mo ní wáyà abẹ́ òkun gé lóòótọ́ ní March 2024, lápá Côte d'Ivoire lọ́hùn-ún, gbogbo wa la jìyà ẹ̀ nígbà yẹn, ọdún kan sẹ́yìn nìyẹn, èwo ló tún wá gé tí speed test ò gbọ́? Ẹnìkejì ní ibi tí mo ti ń mú fáìlì ni ò dáa. Mo bá tan hotspot láti orí fóònù mi, tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ mìíràn pátápátá, mo tẹ fáìlì kan náà níbì kan náà, ó ń wọlé ní mẹ́gábáìtì 3. Mo ya fídíò méjèèjì, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n kà á. Wọn ò fèsì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí ibí ni wọ́n ti ń fi ojú wa gbolẹ̀. Irú àwọn báyìí, wọ́n máa ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n á wá pín in fún èèyàn rẹpẹtẹ. Ó dà bíi borehole kan tí wọ́n fa ẹnu ẹ̀rọ àádọ́ta sí lára, tó bá jẹ́ omi mímu ni gbogbo àdúgbò ń bù, kò séwu, ọjọ́ tẹ́nì kan bá fẹ́ kún dúrọ́ọ̀mù, tàwọn tó kù á máa kán tó, tó, tó. Pípín yẹn kọ́ lẹ̀ṣẹ̀, kò síbi tí wọn kì í ti í pín in láyé. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé kó o tà á fún mi pé kò lópin, kó o mọ̀ pé dáńlóòdù niṣẹ́ mi, kó o wá lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ yín kó o máa fún fáìlì ńlá lọ́rùn, kó o sì fi speed test sílẹ̀ kó máa jẹ́rìí gbè ẹ́. Ẹ̀rọ wọn mọ ìyàtọ̀ láàárín kéèyàn ka mẹ́sééjì àti kéèyàn fa fáìlì ńlá fún wákàtí kan, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, ẹ má fi speed test dán an wò, fáìlì tó tó gígábáìtì 2 sókè ni kẹ́ ẹ fà, lálẹ́, ní bí aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí gbogbo èèyàn wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ tún un fà ní ìparí oṣù.

Ìgbà tí mo yí rìsíìtì mi sẹ́yìn ni mo rí i, lẹ́tà tó tín-ín-rín bí ẹyin iná orí: "Fair Usage Policy applies." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, tó túmọ̀ sí pé òdiwọ̀n wà fún ìlò wa. Kò síye, kò sí gígábáìtì mélòó. Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, ẹ̀ẹ̀kejì tí mo lọ ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé gígábáìtì 200 ni. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 20Mbps tí wọ́n tà fún mi, tí mo bá fà á "títí ilẹ̀ á fi mọ́" bí ọmọ yẹn ṣe wí, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, gígábáìtì 216 ló máa wọlé. Oṣù kan ni mo sanwó fún, òdiwọ̀n wọn ò tó mi í lò fún ọjọ́ kan. Mo sọ fún wọn pé irú ẹ̀ ni FTC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, torí ẹ̀ gbé ilé-iṣẹ́ fóònù AT&T lọ sílé ẹjọ́ l'Amẹ́ríkà ní 2014, pé wọ́n ta "unlimited" fáwọn èèyàn wọ́n sì ń dín in kù mọ́ wọn lọ́wọ́, ní 2019 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 60 dọ́là. Ọ̀gá wọn ní, "Amẹ́ríkà nìyẹn."

Mo fi fídíò yẹn sórí WhatsApp gúrúùpù àwọn kọ́sítọ́mà wọn. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n yọ mí kúrò. Ilẹ̀ mọ́, mẹ́sééjì wọlé: wọ́n ti fagi lé àdéhùn mi torí mò ń lò ó jù, owó ìsopọ̀ ò ṣeé dá padà, òṣìṣẹ́ àwọn ń bọ̀ wá gbé ohun èlò àwọn. Ohun èlò àwọn kẹ̀! Èyí tí mo san ₦95,000 lé lórí! Wọ́n ní owó yẹn, owó ìlò ni, kì í ṣe owó rírà, bẹ́ẹ̀ "owó díìṣì àti ráútà" ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sórí rìsíìtì.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n dé. Ọmọkùnrin tó gùn ún tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fa irin ẹ̀ yọ, ó sọ̀ kalẹ̀, kò dí ihò kankan lára páànù mi. Mo ní kó dí i, ó ní wọn ò fóun ní gọ́ọ̀mù wá. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́jọ́ kẹta, mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, orí tábìlì iṣẹ́ mi gan-an lomi ń kán sí, fóònù mẹ́ta tí mo ti tú sílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù méjì ló bàjẹ́. Èmi ni mo ra òmíì fáwọn tó ni ín.

Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ máákà yẹn padà sí mi lọ́kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lápá ọ̀nà Ọ̀dà, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi. Mi ò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń mi orí. Díìṣì wọn ni. Fídíò táwọn ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń dáńlóòdù, oṣù méjì làwọn yẹn fi bá wọn ṣe é, wọ́n fún un lọ́rùn, wọ́n ní wọ́n ń lò ó jù, wọ́n wá tú u. Ìyá yìí náà san owó díìṣì. Ṣó ti yé yín báyìí? Íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ lọjà wọn. Díìṣì yẹn lọjà wọn, ọ̀kan náà ni wọ́n ń tà, wọ́n á tà á, wọ́n á lé ẹni tó rà á, wọ́n á tún lọ tà á fẹ́lòmíì. Gbájú-ẹ̀ gidi nìyí.

Ohun tí mo ṣe rèé, kó lè ran ẹni tọ́rọ̀ kàn lọ́wọ́. Mo pe 622, nọ́ńbà NCC nìyẹn, wọn kì í gba owó ìpè. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ àwọn tó ta nǹkan fún mi, torí bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti ń pè wọ́n látìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa béèrè nọ́ńbà yẹn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, èmi ò mọ̀, ìyẹn dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo kọ̀wé sáwọn tó ta díìṣì fún mi lẹ́yìn náà, mo dárúkọ NCC, mo tún dárúkọ FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, pé òfin ọdún 2018 tí wọ́n ń lò sọ pé ohun tí wọ́n bá kọ fún oníbàárà gbọ́dọ̀ jẹ́ èdè tó máa yé e, mo so fídíò àti rìsíìtì mọ́ ọn. Ọjọ́ kẹrin, ₦80,000 wọlé sí àkáǹtì mi láìsí àlàyé kankan. Owó díìṣì, wọn ò tíì san án, mi ò sì tíì fi wọ́n sílẹ̀. Èmi àti ìyá Ọ̀dà la jọ ń lé e báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tiyín, ẹ lọ wo orúkọ wọn lórí wẹ́ẹ̀bù NCC níbi tí wọ́n to àwọn tó ní láísẹ́ǹsì sí, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ iye gígábáìtì òdiwọ̀n sórí rìsíìtì, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ má sanwó.

Kí ọmọ yẹn tó gbé díìṣì sẹ́yìn ọ̀kadà lọ́jọ́ tó wá tú u, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi máákà pupa kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi àti déètì sí i lábẹ́ Mummy Ọ̀dà. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ so tiẹ̀ fún, ẹ bá wọn di àkàbà mú, kẹ́ ẹ yí díìṣì náà wò kó tó dé òkè. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ méjì yẹn, ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.