Bọ́ọ̀sì 15 àti 78: ẹ fi owó péréte wo Lọ́ńdọ̀nù

Bọ́ọ̀sì aláìlórùlé tó ń gbé àlejò káàkiri Lọ́ńdọ̀nù ń gba ohun tó ju £30 lọ lọ́wọ́ àgbàlagbà kan lóòjọ́. Bọ́ọ̀sì pupa táwọn ará ìlú ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ náà ń gba púpọ̀ nínú ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn, £1.75 sì ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ́dún 2025. Nínú gbogbo wọn, 15 la fẹ́ràn jù fún ẹni tó wá wòran, pàápàá bí ẹ bá fi 78 tẹ̀ lé e.

Ní Trafalgar Square ni kí ẹ ti wọ 15 tó ń lọ sí Blackwall. Ibẹ̀ ló ti ń gbéra, ìdí nìyẹn tí ìjókòó iwájú lókè fi máa ń ṣófo. Ẹ tètè gòkè kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ẹ sì jókòó síwájú pátápátá, lápá òsì. Apá òsì ni ilé ẹjọ́ Royal Courts of Justice wà. Bí ọkọ̀ bá ti wọ Fleet Street, òrùlé rìbìtì ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's á yọ lọ́ọ̀ọ́kán, á máa tóbi bọ̀ títí ẹ ó fi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Tower of London, ilé olódi àtijọ́, nìkan ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ̀. Bí ọ̀nà bá dá, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ẹ yẹra fún aago mẹ́jọ àárọ̀ àti márùn-ún ìrọ̀lẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, torí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń kó àlejò sí wàhálà jù. Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ mọ́. Káàdì Oyster, tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí káàdì báńkì tó jẹ́ contactless (tí a kàn ń fi kan ẹ̀rọ láìtẹ nọ́ńbà) ni ẹ ó fi kan ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Ẹnì kan, káàdì kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í san nǹkan kan. Láàárín wákàtí kan sí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ fi káàdì kàn án, bọ́ọ̀sì mìíràn tí ẹ bá wọ̀ di ọ̀fẹ́. Lọ́dún 2025, ohun tí wọ́n ń yọ fún bọ́ọ̀sì lóòjọ́ kò kọjá £5.25. Àmọ́ bí ẹ bá fi káàdì sanwó láàárọ̀, tí ẹ wá fi fóònù san lọ́sàn-án, èèyàn méjì ni ẹ̀rọ á kà yín sí, kódà bí àkáǹtì bá jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, kí ó bi báńkì rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé bóyá káàdì náà ń ṣiṣẹ́ lókè òkun.

Lẹ́yìn Tower, ẹ wọ 78 tó ń lọ sí Nunhead. Orí Tower Bridge, afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, ló máa gbà, láàárín ilé ìṣọ́ méjèèjì. Bọ́ọ̀sì tó ń fi irú ìran bẹ́ẹ̀ han èèyàn kò pọ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi ńlá bá ń bọ̀, wọ́n á gbé afárá sókè, gbogbo ọkọ̀ á dúró. Ẹ má bínú, ìran ni. Ẹ sọ̀ ní Peckham, àdúgbò kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ rìn wọ Rye Lane, níbi tí Yorùbá ti ń dún létí, tí iṣu àti pọ̀nmọ́ wà lórí àtẹ. Ẹ jẹ àmàlà níbẹ̀. Oúnjẹ àárín ìlú wọ́n ju ti ibẹ̀ lọ.

Àléébù wọn kò farasin. Kò sí ẹni tó máa ṣàlàyé ohun tí ẹ ń wò, wọn ò sì gba iwájú Buckingham Palace. Bí òjò bá ń rọ̀, èémí èèyàn á bo gíláàsì; ẹ mú aṣọ ìnujú dání. Lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ́de lè mú kí wọ́n yí ọ̀nà bọ́ọ̀sì padà láàárín ìlú.

Bọ́ọ̀sì 12 ni kí ẹ wọ̀ padà láti Peckham, kí ilẹ̀ sì ti ṣú díẹ̀. Lórí Westminster Bridge, London Eye, àgbá ńlá tó ń yí, á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ilé aago Big Ben lápá òsì, gbogbo wọn pẹ̀lú iná.