Àgbéyẹ̀wò àwọn ìdánwò ọ̀fẹ́ fún aṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Tí ẹ bá ń wá ìdánwò ọ̀fẹ́ tí yóò sọ irú aṣáájú tí ẹ jẹ́ fún yín, wọ́n pọ̀ lọ jàra lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí yóò sọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe lọ́la ni kò pọ̀. Mo ti ṣe púpọ̀ nínú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí n darí ẹ̀ka wa, nígbà tí ibi iṣẹ́ ń kúrò lórí ìwé àfọwọ́kọ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ sọ èyí tó wúlò àti èyí tí kò yẹ kí ẹ fi àkókò yín ṣòfò lé lórí.

ADKAR ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, òun ni mo ṣì ń lò. Jeff Hiatt tó dá Prosci sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń darí ìyípadà níbi iṣẹ́, ló gbé e kalẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún ni, ó dúró fún ohun márùn-ún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kí ìyípadà tó lè múlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: kó mọ ìdí tí a fi ń yí padà, kó fẹ́ ẹ látọkàn wá, kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ohun kan sì wà tí kò ní jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ẹ ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5. Èyí tó bá kọ́kọ́ gba 3 tàbí tó relẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ìdènà wà, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fò ó lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Òfin kékeré yìí ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti ń fà sẹ́yìn, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni pé kí wọ́n tún kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí kíláàsì. Ẹnì kan wà ní ẹ̀ka wa tó gba 4 lórí ìdí, tó wá gba 2 lórí ìfẹ́. Ẹ̀kọ́ wo ni ẹ fẹ́ kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí kọ̀ǹpútà bá ti gba iṣẹ́ àkọsílẹ̀, a ò ní nílò òun mọ́. A jókòó sọ̀rọ̀, mo sì fi iṣẹ́ tí yóò máa ṣe lẹ́yìn ìyípadà hàn án. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan náà wà, wọ́n gba 4 lórí ìmọ̀, 2 lórí ṣíṣe é. Wọ́n ti lọ sí kíláàsì, ohun gbogbo yé wọn, àmọ́ kí èrò tò síwájú ẹni, kí ẹni sì máa wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Àyè láti máa dán an wò nígbà tí èrò ò sí ni wọ́n nílò, òun la sì fún wọn. Lójú ẹni tó ń wò wá lókèèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni ti àwọn méjèèjì: wọn ò lè lo kọ̀ǹpútà.

Èyí tí mo fi ṣe ìkejì kì í pe ara rẹ̀ ní ìdánwò aṣáájú rárá. IPIP-NEO ni, ìdánwò ìwà èèyàn tí John A. Johnson gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ìbéèrè rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti lò. Oníbéèrè 300 wà, oníbéèrè 120 náà wà. 120 ti tó. Ìwà márùn-ún ló ń wò lára yín, á sì fi yín wé àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ tiyín. Ibi tí mo dúró pẹ́ sí jù ni abala tó ń sọ bí ohun tuntun ṣe ń wu èèyàn tó. Tèmi ga gan-an. Ẹni tí tirẹ̀ relẹ̀, inú ohun tó ti mọ́ ọn lára ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀, kò túmọ̀ sí pé olóríkunkun ni. Látìgbà náà ni mo ti ń tètè sọ ohun tó ń bọ̀ fún àwọn èèyàn mi, kí wọ́n lè ráyè rò ó.

Àwọn ìdánwò tó ń sọ irú aṣáájú téèyàn jẹ́ ló pọ̀ jù, àwọn ni mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ wọn dúró lórí iṣẹ́ tí Kurt Lewin, Ronald Lippitt àti Ralph White gbé jáde ní 1939: aṣáájú tó ń dá pàṣẹ, èyí tó ń fọ̀rọ̀ lọ àwọn èèyàn rẹ̀, àti èyí tó fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún wọn. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọdékùnrin ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ìyẹn ò ba iṣẹ́ wọn jẹ́, àmọ́ ó yẹ ká rántí. Ìṣòro tó tóbi jù ni pé ìdáhùn tó dára ti hàn lójú ìbéèrè. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ máa ń gbọ́ èrò àwọn òṣìṣẹ́ yín, ta ni yóò mú "rárá"? Àbájáde á tún wá máa yìn yín. Ní 1948, Bertram Forer, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, fún akẹ́kọ̀ọ́ 39 ní àpèjúwe ìwà, ó ní ti oníkálukú ni. Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tó ní kí wọ́n fún un ní máàkì lórí bó ṣe bá wọn mu tó, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 4.26 nínú 5. Nítorí náà, bí àbájáde kan bá ti dùn mọ́ mi jù, mo máa ń bi ara mi bóyá kò ní bá ẹlòmíràn mu bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ìdánwò aṣáájú ti Robert Blake àti Jane Mouton, tó ti wà láti 1964, sàn díẹ̀, torí nọ́ńbà méjì ló ń fún yín láti 1 dé 9: bí iṣẹ́ ṣe jẹ yín lógún tó, àti bí èèyàn ṣe jẹ yín lógún tó. Àwọn ìdánwò tí wọ́n fà yọ látinú ìgbésẹ̀ mẹ́jọ tí John Kotter kọ ní 1995 lórí bí a ṣe ń mú ìyípadà wọ ilé iṣẹ́ dára fún ẹni tó ń darí odindi ilé iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ alágbára tó ní ká kó jọ kò sí níkàáwọ́ olórí ẹ̀ka bíi tèmi.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú. Àwọn ìkànnì kan á jẹ́ kí ẹ dáhùn gbogbo ìbéèrè tán, wọ́n á wá ní kí ẹ mú ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù wá kí ẹ tó rí àbájáde. Ọ̀fẹ́ kọ́ nìyẹn. Ẹ má sì kọ orúkọ òṣìṣẹ́ yín kankan sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. ADKAR ò tiẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ tí ẹ bá ti mọ àwọn ìbéèrè rẹ̀, ìwé kan ṣoṣo tó o.

Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dúró lórí máàkì tí mo fún ara mi, ìdánwò yòówù kó jẹ́. Mo máa ń yí ìbéèrè náà padà, kí "mo ń ṣàlàyé ìdí" di "olórí wa ń ṣàlàyé ìdí", màá sì fún àwọn èèyàn mi láìjẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ. Bí ẹ bá kéré níye, ẹ jẹ́ kí wọ́n fàmì sí i nìkan, torí ìkọ̀wé máa ń tú èèyàn fó. Mi ò ń wo àròpọ̀. Ibi tí máàkì tiwọn ti jìnnà sí tèmi ni mò ń mú lò. Lórí ṣíṣàlàyé ìdí, 4 ni mo fún ara mi, ọ̀pọ̀ wọn mú 2. Wọ́n ti gbọ́ ọjọ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbọ́ ohun tó máa yí padà, àmọ́ ìdí rẹ̀ ò tíì yé wọn. Kò sí ìdánwò tí mo lè dá ṣe tó máa sọ ìyẹn fún mi.

Òun náà ló jẹ́ kí n yọ ìràwọ̀ kan kúrò nínú márùn-ún, kódà lára ADKAR. Ìdánwò tí ọ̀gá, ẹlẹgbẹ́ àti ọmọ iṣẹ́ yóò jọ dáhùn nípa ẹnì kan wà, àmọ́ owó ni wọ́n sábà máa ń gbà lé e. Èyí téèyàn ń dá ṣe nípa ara rẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bẹ àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ wọ̀nyí, ẹ fi fọ́ọ̀mù kejì kún un fún àwọn tí à ń darí, ìbéèrè mẹ́wàá péré náà tó.