Báàgì ẹ̀yìn lítà 40 fún ìrìn síkì orí òkè: mo gbé e láti Chamonix dé Zermatt

Ibi ṣọ́bìrì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yẹ báàgì ìrìn síkì (pátákó gígùn méjì tí a ń dè mọ́ bàtà láti fi rìn lórí yìnyín) wò. Bí yìnyín bá ya lulẹ̀ látorí òkè tó sì bo ẹnì kan mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 15 àkọ́kọ́ ló ni ẹ̀mí olúwarẹ̀. Kò sí àyè pé à ń tú aṣọ àti búrẹ́dì sílẹ̀ kí ọwọ́ tó ba ṣọ́bìrì. Báàgì yìí ní àpò ọ̀tọ̀ níwájú, ó sì gba ṣọ́bìrì onírin àti ọ̀pá tí a fi ń gún yìnyín wá èèyàn (tèmi gùn tó sẹ̀ǹtímítà 240 bí mo bá nà án). Sípù kan péré ló ní, pupa fòò, kò sẹ́ni tó máa wá a tì. Níbi tí a dé yìí, mo ti fẹ́ fún un ní máàkì tó pé. Àmọ́ ẹ dúró ná.

Haute Route ni mo gbé e lọ, láti Chamonix ní Faransé dé Zermatt ní Switzerland, ọ̀nà tí wọ́n ti ń fi síkì rìn láti 1911. Láti ilé ìsinmi orí òkè kan dé òmíràn ni, orí odò yìnyín (yìnyín ńlá tó dì, tó ń rọra sún wálẹ̀ látorí òkè) la sì ń gbà, àwa àti ẹni tó ń tọ́ wa sọ́nà. Àwọn ilé yẹn ló ń fúnni lóúnjẹ alẹ́ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí lítà 40 fi tó. Ẹ má gbé ibùsùn alápò tó nípọn lọ. Àpò sílíkì fẹ́lẹ́ tí a ń kó ara sí kí a tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora ti tó. Sílípáàsì gan-an wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹ kàn wá èyí tó bá ẹsẹ̀ yín mu. Omi ni kó o múra sí: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní omi ẹ̀rọ, omi inú ike tí wọ́n ń tà sì gbówó lórí, ẹ mú owó Switzerland dání.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ibi tó ń kan ẹ̀yìn ẹni ni báàgì náà ti ń ṣí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo lè dà á dojú bolẹ̀ sórí yìnyín kí n mú ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá láìtú tòkè, okùn èjìká kò sì ní tutù. Bí mo ṣe ń dì í rèé: aṣọ ìpààrọ̀ àti àpò sílíkì lọ sísàlẹ̀, okùn mítà 30 àti irin eléyín tí a ń dè mọ́ abẹ́ bàtà sún mọ́ egungun ẹ̀yìn, kí ẹrù má baà máa fà mí sẹ́yìn, ẹ̀wù òtútù àti ìbọ̀wọ́ kejì wà lókè. Bẹ́líìtì ìdí tí a fi ń so okùn kì í wọ báàgì rárá bí a bá wà lórí odò yìnyín, ara ni ó ń wà. Gbogbo ẹrù mi kò ju kílò 9 lọ. Kúlíkúlì wà nínú rẹ̀ o. Ìpápánu aládùn tí wọ́n ń tà fáwọn eléré ìdárayá máa ń le gbagidi bí òtútù bá mú, kúlíkúlì ti le láti ilé wá, kò sí ìyàtọ̀.

Ẹ̀sùn mi wá kù. Ní Pas de Chèvres, ibi tí a ti ń kọjá láàárín òkè, àkàbà irin ni a fi ń gun ògiri òkúta. Ní Col du Mont Brulé, ibi ìkọjá òkè mìíràn, lọ́jọ́ tí a kúrò ní ilé ìsinmi Vignettes lọ sí Zermatt, ibẹ̀ dagun débi pé ẹsẹ̀ la fi gùn ún, síkì wà lẹ́yìn. Ọ̀nà méjì ni báàgì yìí fi ń gbé síkì. Bí ẹ bá dè é ní ìdábùú, okùn rẹ̀ gba orí sípù pupa tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan kọjá. Ṣọ́bìrì ti há sínú nìyẹn, àfi kí ẹ kọ́kọ́ tú síkì. Mi ò mọ ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ tí kò rí i. Ẹ dè é sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ so orí rẹ̀ pọ̀ lókè. Ó pẹ́ díẹ̀ láti dè, ṣùgbọ́n àpò náà ṣí sílẹ̀.

Ìkejì: òòfà ni wọ́n fi mú okùn ìmumi (rọ́bà tí a fi ń fa omi mu látinú báàgì) mọ́ okùn àyà. Ibi tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bò, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí 457 kHz, ń wà lára ẹni nìyẹn. Òòfà àti fóònù lè da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Fóònù gan-an gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 20, kó tó 50 bí a bá ti ń wá èèyàn. Mo já òòfà náà dànù. Okùn ìmumi ọ̀hún ń dì gbagidi lówùúrọ̀, ìgò ló dáa.

Àpò kékeré ẹ̀gbẹ́ ìbàdí kò gba irin eléyín abẹ́ síkì, bẹ́ẹ̀ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la ti ń nílò ìyẹn, níbi tí ènìyàn kò ti lè sọ báàgì kalẹ̀. Ìpara oòrùn ló gbà. Ẹ̀yin adúláwọ̀ bíi tèmi, ẹ kùn ún: oòrùn tó ń ta padà lára yìnyín kò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun, abẹ́ imú mi bó.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Bí wọ́n bá gbé okùn ìdábùú yẹn kúrò lójú sípù, màá sọ ọ́ di mẹ́rin. Ìwọ̀n méjì ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá kúrú bíi tèmi kó béèrè fún èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, torí èkejì máa ń kan akoto ní ìpàkọ́, pàápàá bí irun dídì bá wà lábẹ́ rẹ̀.