SWMM: irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ètò omi ìlú

Àjọ EPA, tó ń bójú tó àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń gbé SWMM (Storm Water Management Model) jáde, láti 1971 ló ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń ṣírò bí òjò ṣe ń di àgbàrá, àti bí àgbàrá ṣe ń gba inú gọ́tà lọ sí odò tàbí ọ̀sà. Orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀ náà sì gbé e dáadáa.

Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ yan CMS (mítà onígun mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tàbí LPS (lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) níbi Flow Units, ìyẹn ìwọ̀n ìṣàn omi. CFS, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, ló máa ń wà níbẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà lẹ́yìn tí ẹ ti kọ iye sílẹ̀, kò ní bá yín sọ wọ́n di mítà. Òjò náà ń da iṣẹ́ rú gan-an. Tí mílímítà 10 bá rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5, tí ẹ fi í sábẹ́ INTENSITY (bí òjò ṣe ń rọ̀ tó ní wákàtí kan) dípò VOLUME (iye tó rọ̀ láàárín àkókò náà), mílímítà 10 ní wákàtí kan ni ẹ̀rọ yóò kà, bẹ́ẹ̀ 120 ló yẹ kó jẹ́. Gọ́tà tó kéré á wá dà bí èyí tó tó.

Width, fífẹ̀ ibi tí omi ti ń ṣàn lórí ilẹ̀, ló le jù. Ẹ fi gígùn ibi tí omi ń ṣàn gbà lórí ilẹ̀ pín gbogbo ìwọ̀n ilẹ̀ náà (area): héktà 1 tí omi ń rin mítà 50 lórí rẹ̀, mítà 200 ni Width rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, àgbàrá á tètè dé, á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ìlú bí Èkó, tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí omi ọ̀sà sì ń padà wọ gọ́tà nígbà tí òkun bá kún, nínú àwọn ọ̀nà tí SWMM fi ń ṣírò ìṣàn omi nínú gọ́tà, Dynamic Wave ni kí ẹ lò. Kinematic Wave kò mọ̀ pé omi lè padà sẹ́yìn. Ẹ fi Outfall, ibi tí omi ti ń jáde kúrò nínú gọ́tà, sí TIDAL, kó lè máa tẹ̀ lé bí òkun ṣe ń kún tó sì ń fà. Manning ni iye tó ń sọ bí ara gọ́tà ṣe rí gbágungbàgun tó; 0.013 tí ìwé ń kọ fún kọnkéré, ti gọ́tà tó mọ́ ni. Níbi tí yanrìn àti ọ̀rá bá ti dí i dé ìdajì, ẹ gbé ìsàlẹ̀ gọ́tà sókè, ẹ dín jíjìn rẹ̀ kù, kí ẹ sì fi kún iye Manning. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ yín á sọ pé kò sí ewu níbi tí omi ti ń wọ yàrá àwọn èèyàn.

Àléébù rẹ̀ tó dùn mí jù ni pé omi tó bá kún jáde láti inú kòtò (ibi tí àwọn gọ́tà ti pàdé) á sọnù nínú ìṣírò, àfi tí ẹ bá tan Allow Ponding, tí ẹ sì fún kòtò náà ní Ponded Area, ìyẹn ìwọ̀n ilẹ̀ tí omi náà lè dúró sí. Síbẹ̀, kò ní fi ilé tí omi wọ̀ hàn yín.

LID Controls, àwọn ohun tó ń dá òjò dúró níbi tó ti rọ̀, ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀: àgbá òjò, ọgbà tó ń mu omi, títì tó ń jẹ́ kí omi wọlẹ̀. Ẹ lè gbé àgbá sí gbogbo ilé àdúgbò kan, kí ẹ wo bí àgbàrá ṣe dínkù tó. Ẹ ṣọ́ Flow Coefficient, iye tó ń sọ bí omi ṣe ń tú jáde nínú àgbá, o: bó bá jẹ́ 0, àgbá kò ní tú omi jáde, òjò àkọ́kọ́ á kún un, kò sì ní wúlò fún èyí tó tẹ̀ lé e.

Kí ẹ tó gba èsì kankan gbọ́, ẹ wo Continuity Error, ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi tó wọlé àti èyí tó jáde tàbí tó ṣẹ́ kù nínú ìṣírò. Èmi kì í gba ohun tó ju 2% lọ. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dín Routing Step, àkókò tó wà láàárín ìṣírò kan àti èkejì, kù sí ìṣẹ́jú àáyá 5, kí ẹ sì wá àwọn gọ́tà tí gígùn wọn kéré jù.