Merino Superwash Tàbí Wúùlù Shetland: Èwo Ni Kí A Fi Hun Súwẹ́tà Aláìlápá Ọlọ́nà fún Obìnrin?

Ẹni tó bá fẹ́ hun súwẹ́tà aláìlápá ọlọ́nà fún obìnrin nílùú Ọba níbí, oríṣi òwú méjì ni yóò máa bá pàdé lórí àtẹ: merino (irun oríṣi àgùntàn kan tó rọ̀ dáadáa) tí wọ́n kọ superwash sí lára, èyí tí wọ́n fi oògùn tọ́jú kí ẹ̀rọ ìfọṣọ lè fọ̀ ọ́, àti wúùlù Shetland (irun àgùntàn irú ti erékùṣù Shetland ní Scotland) tí wọn kò fi oògùn tọ́jú bẹ́ẹ̀. Mo ti fi èkíní hun ẹyọ kan, mo sì ti fi èkejì hun mẹ́ta. Ọnà tí mo ní lọ́kàn ni èyí tó ń yọ sókè lára aṣọ, bíi kébù tó lọ́ mọ́ra bí irun dídì, àti èyí tó rí hóróhóró bí ìrẹsì, tí a ń ṣe nípa pípààrọ̀ ojú ìhun iwájú pẹ̀lú ti ẹ̀yìn.

Kí n kọ́kọ́ mú àkírílíìkì kúrò lọ́nà. Ohun tí a ń pè ní wúùlù nílé, tí àwọn ìyá wa fi ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun, àkírílíìkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe irun àgùntàn. Ó dára fún ọmọ tí aṣọ kì í pẹ́ kéré sí lára, ṣùgbọ́n bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá fi lè kan kébù tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà hun, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ní jí mọ́.

Ní ti rírọ̀, merino ló borí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Shetland máa ń gún ara díẹ̀, àgàgà lọ́rùn, ṣùgbọ́n orí ṣẹ́ẹ̀tì tàbí búláòsì la máa ń wọ aṣọ aláìlápá lé, nítorí náà ibi tó ti lè gún ènìyàn kò pọ̀. Ní ti owó, n kò rí ìyàtọ̀ tó yẹ kó da ẹnikẹ́ni láàmú.

Omi ni ọ̀rọ̀ wà. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lára bí ìpẹ́ ẹja, tí ojú lásán kò lè rí. Bí omi gbígbóná, ọṣẹ àti fífọ̀ fọ́nfọ́n bá pàdé lórí rẹ̀, àwọn ìpẹ́ náà á há mọ́ ara wọn, aṣọ á sún kì, á sì di dàda. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, àwọn tó ń ṣe superwash máa ń fi kílóríìnì jẹ ojú ìpẹ́ náà, wọn a sì tún fi ohun kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀dà bò ó. Ohun tí àwọn òǹtajà kì í sọ ni pé ìpẹ́ tí wọ́n mú kúrò yìí náà ló máa ń jẹ́ kí ojú ìhun di ara wọn mú. Láìsí i, ṣe ni wọ́n ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lára ara wọn, pàápàá nígbà tí omi bá ti fa aṣọ wúwo.

Ní ìgbà òtútù ọdún 2021 ni mo ra bọ́ọ̀lù 8 merino superwash, gíráàmù 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ná mi ní pọ́ùn 60, láti fi hun aṣọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹni tó tà á fún mi fi dá mi lójú pé kò sí ìdí láti fọ ìdánwò, ìyẹn ègé kékeré tí a máa ń kọ́kọ́ hun láti mọ bí aṣọ yóò ṣe tóbi tó. Mo hun ìdánwò sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú àti lóròó, mo ka ojú ìhun rẹ̀, ó pé, n kò sì tì í bọ omi. Nígbà tí mo parí aṣọ náà, láti èjìká dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 55. Mo rẹ ẹ́ sómi, mo tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì, nígbà tó sì fi máa gbẹ, ó ti di 64. Ihò apá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí egungun ìhà parí sí, kébù àárín àyà sì ti fẹ̀ débi pé ó dà bí ọ̀nà tí àgbàrá wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e wọ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé dàńṣíkí lo hun fún mi ni?”

Aṣọ aláìlápá tilẹ̀ tún burú jù nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé èjìká rẹ̀ kò fẹ̀, ojú ìhun díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló sì ń gbé ìwúwo gbogbo kébù iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ wo ìwúwo náà dáadáa: bọ́ọ̀lù 8 tèmi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 120, jẹ́ mítà 960 àti gíráàmù 400. Òwú Shetland tí mo rà lẹ́yìn rẹ̀ gùn ní mítà 75 nínú bọ́ọ̀lù gíráàmù 25, bọ́ọ̀lù 13 sì fún mi ní mítà 975 tí gbogbo rẹ̀ kò ju gíráàmù 325 lọ. Bí wọ́n ṣe ran òwú náà kò tẹ irun pọ̀ gírígírí, afẹ́fẹ́ sì wà láàrin rẹ̀. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, ojú ìhun rẹ̀ wú díẹ̀, ó sì di ara mú: sẹ̀ǹtímítà 55 di 56, ó parí.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí a fi merino náà sínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ooru kékeré kí ó lè sún padà. Òótọ́ ni, tèmi padà sí 60. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún fọ̀ ọ́ ni ẹ óò tún ṣe é.

Kí n má ṣe ojúsàájú: nínú kí kébù yọ síta ketekete, merino tí wọ́n fi fọ́nrán púpọ̀ lọ́ pọ̀ dára ju Shetland tí fọ́nrán rẹ̀ jẹ́ méjì péré lọ, ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ibi tí báàgì ti ń ra ìhà á yọ kókó wẹ́wẹ́. Merino superwash tún máa ń gba aró dáadáa ju Shetland lọ, bí àwọ̀ títàn bá wù yín. Shetland ní àwọ̀ tí àgùntàn gbé wá fúnra rẹ̀, bíi moorit tó pọ́n bí àwọ̀ igi. Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ yẹra fún dúdú, torí kò ní jẹ́ kí ọnà hàn, kí ẹ sì ra bọ́ọ̀lù kan lé, tí nọ́ńbà ìkòkò aró rẹ̀ (èyí tó ń fi hàn pé wọ́n jọ rẹ wọ́n láró ni) bá àwọn yòókù mu, nítorí kébù máa ń jẹ òwú ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Àléébù Shetland ni pé ọwọ́ ni a fi ń fọ̀ ọ́, nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó fún un láìlọ́ ọ, a ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Bí ẹnì kan bá wà nílé yín tó máa ń kó gbogbo aṣọ dà sínú ẹ̀rọ láìwo ohun tó kó (ọ̀kan wà nílé tèmi), ẹ ra merino, kí ẹ fọ ìdánwò yín, kí ẹ sì fi píńnì ìsáṣọ mélòó kan há ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹ bá ti fi kọ́, kí ẹ lè rí bí yóò ṣe fà tó kí ẹ tó ka ojú ìhun. Bí ẹ kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yín rọrùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gba moorit tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ga dáadáa, ló ń wọ ti merino lọ sí ọgbà ẹ̀yìnkùlé, kò sì tíì fẹjọ́ sùn.